Máṣíìnì Tó Ga Ju Bàbá Mi Lọ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi tí wọ́n fi ń gbé mi jókòó sórí táǹkì epo máṣíìnì, Ayépé ni à ń gbé, àwọn tó ní máṣíìnì ládùúgbò wa kò sì pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Odògbólú, a ti mọ ẹni tó ni ín kó tó yọ sí wa, nítorí ohùn wọn kò jọra. Ọ̀kadà ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Máṣíìnì ni àwa ń pè é, àwọn olùkọ́ wa a sì máa pè é ní alùpùpù nínú ìwé kíkà. Ohun iyì ni nígbà náà. Bí èèyàn bá ra ọ̀kan, wọ́n á lọ kí i bí ẹni tó ṣí ilé tuntun.

Obì ni bàbá mi ń rà. Á gun kẹ̀kẹ́ wọ àwọn abúlé lọ, á ra gbàǹja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, á kó o sí i, á sì gbé e wálé de àwọn Hausa tó ń wá rà á. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í jà. Ó kúrú. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀, fìlà tó ga ló sì máa ń dé jáde.

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nítorí kẹ̀kẹ́ tó ń gùn, ó ní òun fẹ́ ra máṣíìnì. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ di amòye. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, iwájú ilé wa ni wọ́n ń jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ káfíńtà ní ohùn ni kí èèyàn gbọ́ kó tó rà á, pé èyí tí ohùn rẹ̀ bá ki ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le. Èkejì, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ní irọ́ ni, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n wò, níbi tí ẹrù ń jókòó sí, nítorí obì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Wọ́n tún jiyàn lórí èyí tí kì í mu epo, àti èyí tí kì í kọ ọ̀nà olókè. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò dá sí i. Nígbà tí bàbá mi wá béèrè èyí tí òun náà fẹ́, ó ní kó ṣáà ti jẹ́ èyí tí òun á fi rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rín in.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ rà á, bàbá mi mú mi dání, nítorí ó máa ń sọ pé orí mi ń ṣe òun lóore bí òun bá fẹ́ ra nǹkan. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ọkọ̀ ni a wọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ilé ìtajà náà gbòòrò, máṣíìnì sì tò síbẹ̀ lóríṣiríṣi, gbogbo wọn ń dán, òórùn rọ́bà tuntun gba inú ilé. Bàbá mi ń fọwọ́ pa wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pa ọmọ lórí. Nígbà tó dé ìdí ọ̀kan tó pupa, tó ga, tí àyà rẹ̀ yọ síwájú, ó dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà dúró. Káfíńtà ní kí wọ́n tan án kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n tan án, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ̀. Ibi gbígbé ẹsẹ̀ lé náà sì wà fún ìyá mi.

Ẹni tó ń tà á kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí bàbá mi gùn ún wò. Bàbá mi gùn ún, ó di apá rẹ̀ mú, inú rẹ̀ dùn. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó wo bàtà bàbá mi ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún yí lọ wo ìkejì. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Ó rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo tọ̀hún yẹn. Ẹsẹ̀ yín á balẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀."

Èyí tó ń tọ́ka sí kéré, ó rẹlẹ̀, ó sì láfo níwájú. Irú rẹ̀ ni àwọn obìnrin agbẹ̀bí ìjọba máa ń gùn. Káfíńtà fi ẹ̀rín bọnu. Ẹ̀rín yẹn kò ju bí èèyàn ṣe ń húkọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi. Kò tilẹ̀ wo tọ̀hún. Ó ní èyí tí òun wà lórí rẹ̀ yìí ni òun fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni máṣíìnì pupa ṣe wọ Ayépé. Wọ́n wá kí wa, wọ́n ṣàdúà, bàbá mi sì ń fi aṣọ nù ún láràárọ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé kò lè dúró níbi tó bá wù ú. Bí máṣíìnì bá ti ń sáré, kò sí ìṣòro, àmọ́ bó bá fẹ́ dúró, ó gbọ́dọ̀ rí ohun tó ga tó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Ó ti mọ gbogbo wọn lójú ọ̀nà: àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, etí gọ́tà iwájú ọjà, gbòǹgbò igi kan tó dojú kọ ilé ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i níbi tí kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, á kàn juwọ́, á sì máa lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé máṣíìnì ti sọ ọ́ di agbéraga. Ó gbọ́. Ó jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n mọ òótọ́ lọ.

Ní ìgbà òjò kan, ìròyìn dé pé ìyá ìyá mi ń ṣàìsàn, àìsàn náà sì le. Abúlé kan lẹ́yìn Odògbólú ló ń gbé. Ẹni tó wá jíṣẹ́ ní ìyá àgbà ń béèrè ìyá mi, pé kó yára. Ìyá mi wọlé lọ mú ìborùn, bàbá mi gbé mi sórí táǹkì epo, ìyá mi fi ẹ̀gbẹ́ jókòó lẹ́yìn, a sì gbéra. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo rántí pé àdúà ni ìyá mi ń ṣe lábẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, mò ń gbọ́ ọ nígbà tí bàbá mi bá dín eré kù.

A ti kọjá Odògbólú, a ti wọ ọ̀nà abúlé, nígbà tí a já sí ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti rì sínú ẹrẹ̀ tó sì dínà pátápátá. Pákó ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó ni ín ti wá ìrànlọ́wọ́ lọ, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bàbá mi tẹ bíréèkì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí òkúta, kò sí gbòǹgbò, ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún sì lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sínú koríko. Mo rí i tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń wá ilẹ̀, kò rí i.

Máṣíìnì fì díẹ̀díẹ̀. Kò yára rárá. Ìyẹn ni ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún yín. Bàbá mi ń fà á padà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó ń lọ síbẹ̀síbẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ńlá bá ń tì. Mo bọ́ sínú koríko, nǹkan kan kò ṣe mí. Nígbà tí mo dìde, ìyá mi ti wà lábẹ́ rẹ̀, sàlẹ́ńsà gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde sì ti sinmi lé e ní ojúgun.

Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò lára mi, bàbá wa." Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mú, ó gbé e. Máṣíìnì kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó sì tún padà sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá mi ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Èmi náà di táyà mú, mo ń fà á. Ó gbìyànjú títí. Ìyá mi ní kó rọra, bí ẹni pé bàbá mi ni nǹkan ń ṣe. Ó wá jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ti èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ máṣíìnì kí ìwúwo rẹ̀ lè dín kù lára ìyá mi, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí bàbá mi kó sunkún rí títí di ọjọ́ náà. Èmi ń pariwo pé ẹ gbà wá, inú oko ló ń dá mi lóhùn.

Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ló gbà wá. Wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n sì gbé máṣíìnì náà bí ẹni gbé agbọ̀n. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ìyá mi pọ̀n lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi gbé e padà sí Odògbólú, sí ilé ìtọ́jú kékeré kan tó wà níbẹ̀. Eegun ti ṣẹ́, ara sì ti bó. Ibẹ̀ la wà nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ìyá mi wọlé. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi yíjú sí ògiri.

Ẹ mọ bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é. Wọn kì í fi òkú pamọ́. Bàbá mi lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà lọ́jọ́ náà, ìyá mi kò lè lọ. Títí ìyá mi fi kú, kò bá bàbá mi wí, ìyẹn ló sì pọ̀ jù fún bàbá mi. Ìyá mi ń tiro, kò sì gun máṣíìnì mọ́. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ síbì kan, bàbá mi á pa ẹ́ńjìnnì, á máa tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, bó ti wù kí oòrùn mú tó.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé báyìí. Ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó kàwé ní Yunifásítì ní Ìjagun, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì kọ́. Ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun máa ra ọ̀kadà. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ nǹkan míì tí mo lè ṣe." Mo ní ó kéré tán, kó mú mi lọ síbi tó ti fẹ́ rà á.

Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ń kí mi dáadáa, mo sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀kan fẹ́ èyí tí àga rẹ̀ gùn kó lè gbé èrò mẹ́ta. Ọ̀kan ní èyí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì gbogbo, nítorí ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò ní jẹun. Gbogbo wọn ló ń béèrè èyí tí kì í mu epo. Òmíràn fẹ́ èyí tó níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Kò sí ẹni tó béèrè èyí tó lẹ́wà. Mo ní bíréèkì ńkọ́. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé bákan náà ni bíréèkì gbogbo wọn.

Ọmọ mi gun èyí tó yàn. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí àga, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ga, baba rẹ̀ ló jọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ ká. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa máṣíìnì láyé yìí, kò wúlò fún un. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúà, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé àtijọ́, èèyàn á ti jẹun yó kó tó ra máṣíìnì. Nísinsìnyí, ẹni tó ń wá ohun tó máa jẹ ló ń rà á, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á sì wà nínú àpótí nílé. Wọ́n pọ̀ lójú títì bí eèrà, ohùn wọn sì ti di ọ̀kan náà. Bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Òjò ti ń ṣú láti ọ̀sán yìí, ọmọ náà sì wà lójú ọ̀nà Ìjagun. Fóònù wà lọ́wọ́ mi níbí. Mi ò lè pè é, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Bó bá rí i pé èmi ni, á gbé fóònù sétí lórí máṣíìnì, kò ní dúró.