Àlájà Tó Fẹsẹ̀ Rìn Lọ sí Mẹ́kà

Mo rántí ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí wọ́n gbé mi wá ṣe tíṣà ní Ìlọrin láti apá Ọ̀mù-Àrán. Ọ̀fà Garage ni mo sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀lú àpótí mi, ilé Àlájà ni mo sì ti rí yàrá gbà. Opó ni, ó dàgbà tó ẹni tó lè bí ìyá mi, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo a ti dọ̀rẹ́ débi pé a kì í jẹun lọ́tọ̀ mọ́.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà, mo sì rò pé mo mọ ayé, èmi tí n kò kọjá Ìbàdàn rí! Àlájà ní tirẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà nígbà èwe rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọmọbìnrin wọn yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n wọ lọ́rì dé Kánò, wọ́n sì fẹsẹ̀ gba ibi tí mọ́tò kò gbà. Olè dá wọn lọ́nà nínú aṣálẹ̀. Ọkọ kú sí Sùdáánì. Àlájà ká òwú lóko olóko níbẹ̀, ó dín àkàrà tà, ọdún ń gorí ọdún kó tó rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ kọjá sí Mẹ́kà. Ẹ̀rín ló fi máa ń sọ ọ́. "Tíṣà mi," á ní, "ẹni tí kò bá rìn jìnnà, kò lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó ṣubú. Apá kan ara rẹ̀ kú. Ọsibítù ṣe é títí, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, inú wa dùn, àfi bá a ṣe gbọ́ pé kì í ṣe Yorùbá ló ń sọ. Èdè Lárúbáwá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ná ọjà ní Sùdáánì. Yorùbá ti lọ pátápátá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń bẹ̀ mí. Mo gbé omi wá, ó kọ̀ ọ́. Mo gbé ẹ̀kọ wá, ó kọ̀ ọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́?"

Ó bú sẹ́kún.

Ọmọ rẹ̀ pe àáfà àdúgbò. Lárúbáwá inú ìwé ni àáfà mọ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. "Ìyá ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà sún mọ́ omi."

Ọmọ rẹ̀ dìde. "Ọmọ wo? Èmi nìkan ni Ìyá bí."

Àáfà bi Àlájà léèrè, Àlájà sì sọ̀rọ̀ títí. "Kò yé mi tán," ni àáfà wí. "Ọmọkùnrin ni. Wọ́n ní kò tíì mọ odò wẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ kọjú sí mi. "Tíṣà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn, ṣé wọ́n sọ fún yín rí?"

Wọn kò sọ fún mi rí.

Àáfà kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń wí i. Àlájà á wò mí, á mi orí, á tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Mo máa ń ròyìn olè aṣálẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, ẹnu á yà wọ́n. Bí mo bá dé orí ọmọkùnrin náà, ibẹ̀ ni mo máa ń dá ìtàn náà dúró sí. N kò mọ̀ bóyá odò ló gbé e lọ, tàbí ó wà láàyè níbì kan, tóun náà ti di bàbá àgbà, tó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ìyá rẹ̀ gbà.