Òpó Kámẹ́rà Ẹnu Oríta

Láti ìgbà tí ìjọba ti ri òpó kámẹ́rà mọ́ ẹnu oríta, rédíò kò sinmi. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń ríran lókùnkùn bí ológbò, wọ́n ní olè ti dópin. Àwọn aládùúgbò gbà á gbọ́, wọ́n ń fi ọjà wọn sílẹ̀ síta sùn. Ìyàwó wẹ́dà kan, tó ń ta ìkòkò irin nínú ìsọ̀ tí kò nílẹ̀kùn, tó sì ń rù wọ́n relé lálaalẹ́, náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbí. Ọrùn ń dùn mí. Àbí ẹ ò gbọ́ ìròyìn ni?"

"Mo gbọ́. Èmi náà ni mo jó irin òpó yẹn pọ̀, èmi ni mo gbé kámẹ́rà lé e. Ike lásán ni, inú ẹ̀ ṣófo."

Obìnrin náà la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ wá dákẹ́ bí ẹni pé ẹ ò mọ nǹkan kan?"

"Olè pàápàá ń gbọ́ rédíò. Ẹ̀rù tó ń bà á nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lórí òpó yẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyẹn náà parí."

"Bí ẹ̀rù bá ti ń ba olè, kí ló dé tí ìkòkò tèmi ò lè sùn síta?"

Wẹ́dà rò ó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un, kó tó rántí pé òun nìkan kọ́ ló gbé òpó náà nàró. Wẹ́dà mìíràn tí òun kò mọlé rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn náà sì mọ̀ pé inú kámẹ́rà ṣófo.

"Bí olè bá mọ iṣẹ́ irin ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ ṣe òṣùká, ó sì bẹ̀rẹ̀ síbi ìkòkò. "Ẹ gbé èyí tó tóbi jù."