Èso Pupa fún Ìṣínu

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ èṣí.

Níwájú ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ìyá wa àgbà gbin igi eléso pupa kan tí à ń pè ní ṣẹ́rì. Wọ́n máa ń fún omi èso rẹ̀, wọ́n á da ṣúgà sí i, a ó sì fi ṣínu. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n lọ já a wá. Aṣọ ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́, ni mo bá rán Mọríámọ̀, àbúrò mi ọmọ ọdún márùn-ún.

Mo ní, "Èyí tó bá pupa ni kó o já o."

Ó gbé abọ́ kíkún dé. N kò wò ó. Ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n gún èso náà, wọ́n fún un, wọ́n sì bu ú sí ife mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, torí pé gbogbo wa ń gbààwẹ̀, àfi Mọríámọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ìyá àgbà figbe ta: "Kí lo jẹ?"

Ó nawọ́ sí igi kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí èso rẹ̀ dà bíi pupa ẹyin, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé májèlé ni.

"Bọ̀dá ló ní kí n já pupa."

Bàbá mi gbé e sáré lọ sí ọsibítù bí ládàánì ṣe ń pe ìrun. Mo da omi èso inú ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù.

Ọjọ́ kẹta ni Mọríámọ̀ tó padà wálé. Ká ní ó ti tó ààwẹ̀ ẹ́ gbà ni, gbogbo ilé wa là bá jọ mu ún.