Ibi Tí Àwọn Oyin Mi Ń Gbé

Ìbéèrè kẹta lórí fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba náà ló kọ́kọ́ dá mi dúró: ojúlé kelòó, òpópónà wo ni ilé-iṣẹ́ rẹ wà? Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo jókòó sí ní Òmù-Àrán ló kà á fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń dúró de èsì.

Mo ní, "Abẹ́ igi èmì ni."

Ó ní, "Mọ̀mí, mi ò gbọ́ yín."

"Abẹ́ igi èmì, lẹ́yìn odò, lójú ọ̀nà oko wa ní Oro-Ago. Àwọn tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rín díẹ̀, àmọ́ kò dénú mi. Oyin ni mò ń sìn. Ogún àpótí ni mo ní nígbà yẹn, káfíńtà kan ní Bàbáńlá ló kàn wọ́n fún mi díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní nọ́ńbà ojúlé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ará Oro-Ago mọ̀ tí a fi ń rí oyin. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ihò igi tí oyin wọ̀, iná ni wọ́n máa ń tì bọ̀ ọ́. Oyin á jó, ọmọ wọn á jó, èyí tí wọ́n bá sì rí fà yọ á dúdú, á máa rùn bí ẹ̀fín. Bàbá ọkọ mi mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Lọ́jọ́ tí mo ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbẹ̀ dé, tí mo ru àpótí àkọ́kọ́ wọlé, Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ìyàwó, oyin kì í gbé ilé tí èèyàn bá kọ́ fún un." N kò bá wọn jiyàn. Mo fi ìda oyin pa inú rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ igi èmì. Kò pé oṣù méjì tí oyin fi wọ̀ ọ́. Bàbá lọ fúnra wọn, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n sì padà wálé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé méjì sí oko tiwọn.

Oyin pọ̀, àmọ́ ọwọ́ ni mo fi ń fún un, pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo ń fọ̀ tí mo ń sá. Àwọn oníbàárà ní Ìlọrin fẹ́ èyí tó mọ́ kedere, tó wà nínú ike tí wọ́n dé pa. Ẹ̀rọ tí a fi ń fún un wà, apá mi ni kò ká a. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ kékeré ní owó ìrànwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní dá padà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn rẹ́rìn-ín tán, ó gbà mí nímọ̀ràn. "Mọ̀mí, tí a bá kọ igi sí i, wọ́n á jù ú nù ni. Ẹ jẹ́ ká fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi sí i. Ta ló máa wá wò ó?"

Mo ronú díẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Wọ́n wá wò ó. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń béèrè obìnrin tó ń sin oyin. Oníkọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bá, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí oyin kankan níbẹ̀ àfi èyí tó wà nínú ìgò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi: wọ́n ti yọ orúkọ mi, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí mo pè kò sí.

Ọkọ mi gba fóònù náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ìyá wọn, èèyàn tó ní ogún àpótí, wọ́n wá ní kò ní nǹkan kan."

Mo ní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Bí mo bá ti ń lọ sí ìdí àpótí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú máa ń tì mí, bí ẹni tó sẹ́ ọmọ rẹ̀ níwájú àlejò.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún kéde rẹ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, torí kò sí òmíràn tó yá mi lára. Ọkùnrin náà dìde fún mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo ní kó jókòó, kó tẹ ohun tí mo bá sọ. Igi èmì, odò, ọ̀nà oko, òkè. Mo ti fi bírò ya àwòrán ibẹ̀ sórí ìwé: bí èèyàn bá kọjá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó yà sọ́tùn-ún níbi àpáta méjì tó fara ti ara wọn. Ó ya àwòrán náà ní fọ́tò, ó sì fi kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pè mí sí Ìlọrin. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, obìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ọ̀gá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ díẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé orí bí mo ṣe ń tọ́jú oyin nígbà òjò, ọ̀rọ̀ há mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi Yorùbá sọ ọ́? Yorùbá ni mo fi kọ́ ọ, òun náà ni mo fi ń ṣe é." Obìnrin náà mi orí. Bí mo ṣe bọ́ sórí èdè mi nìyẹn. Mo gbìyànjú láti sọ èyí tí gbogbo wọn á gbọ́, síbẹ̀ Ìgbómìnà ń bọ́ sí i nígbà tí ara mi bá gbóná. Mo sọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mú oyin pọ̀, bí mo ṣe ń fi eérú yí ẹsẹ̀ àpótí ká nítorí èèrà, bí mo ṣe ń fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn tí n kì í kó gbogbo rẹ̀ tán.

Ọkùnrin kan nínú wọn, tó wọ dígí ojú, ṣí ìwé kan. Ó ní, "Màmá, orúkọ yín wà níbí láti èṣí. Wọ́n kọ ọ́ pé ayédèrú ni yín."

Mo ní, "Àdírẹ́sì ni ayédèrú, sà. Mo purọ́ nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní gba igi gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́. Oyin wà. Ẹ wá wò ó."

Ó ní, "Ọ̀nà Oro-Ago yẹn kò dára."

Mo ní, "Òun náà ni mo gbà wá síbí láàárọ̀ yìí."

Obìnrin ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó fi gègé tọ́ka sí onídígí. "Ìwọ ni wàá lọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá, iná ìgbẹ́ ya wọ ẹsẹ̀ òkè. Àpótí mẹ́fà jó. A fi ewé àti omi pa iná náà, àmọ́ ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ogún ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mẹ́rìnlá ló kù. Ọkọ mi ronú títí, ó ní, "Ká wá pákó, ká kan mẹ́fà sí i. Kò lè ṣí gbogbo wọn wò."

Mo ní, "Bàbá wọn, n kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọkùnrin onídígí náà dé ní ọ̀sán gangan, eruku bò ó láti orí dé bàtà. Ọkọ̀ rẹ̀ kò lè wọ ọ̀nà oko, ọkọ mi ló fi ọ̀kadà gbé e dé ìdí igi. Ó fẹ́ kí n ṣí àpótí lójú ẹsẹ̀ kó lè máa lọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Oòrùn yìí ti mú inú wọn gbóná. Tó bá rọ̀, a ó ṣí i." Ó wo aago, ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sórí òkúta. Mo sun iṣu fún un, mo da oyin lé e. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún gba òmíràn.

Kí oòrùn tó rọ̀ ni mo mú un lọ síbi tí iná ti jó. Mo ní, "Ogún ni mo kọ. Mẹ́fà rèé." Èédú àti ìda tó yọ́ ló kù níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ìda náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Fìlà alàwọ̀n kan ṣoṣo tí mo ní, òun ni mo dé sí i lórí. Èmi fi ìborùn wé orí, mo fọn ẹ̀fín, mo ṣí àpótí. Ariwo wọn sọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọlẹ̀. Nígbà tí mo gbé afárá àkọ́kọ́ sókè, oyin rọ̀ mọ́ ọn pìtìpìtì, oyinmọmọ ń kán sílẹ̀, ọkùnrin náà gbàgbé ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ta á ní ọrùn ọwọ́. Ó pariwo, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Màmá, èyí kì í ṣe ayédèrú!"

Ó fọwọ́ lu àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ìdáhùn wọn. Kó tó gun ọ̀kadà, ó ní, "Èmi ni mo kọ ayédèrú yẹn lọ́jọ́sí. Èmi náà ni n ó pa á rẹ́."

Owó náà dé nígbà tí òjò kejì rọ̀. Oko ni mo wà tí fóònù dún. Mo jókòó sáàárín ebè, mo sì kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi sáré wá pẹ̀lú àdá, ó rò pé ejò ni.

Mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń fún oyin, mo ra aṣọ àti fìlà alàwọ̀n mẹ́fà, mo sì ní kí káfíńtà kan ọgbọ̀n àpótí mìíràn. Àwọn aṣọ náà pọ̀ jù fún èèyàn kan, nítorí náà mo pe obìnrin márùn-ún: méjì láti Bàbáńlá, ọ̀kan láti Agbamu, méjì nílé. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún fún ẹ̀rù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ báyìí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a kó oyin tiwa lọ sí Ìlọrin fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ike tó mọ́ gaara. A wọ ọjà náà láàárọ̀. Kí àwọn Mùsùlùmí tó kírun ọ̀sán, kò ku ẹyọ kan. Obìnrin ará Agbamu yẹn kó apẹ̀rẹ̀ òfìfo tí a fi ru wọ́n wá lé orí ara wọn, ó gbé orin, a gbè é. Àwọn èèyàn ń wò wá, a ò dákẹ́. A ra ẹran, a ra búrẹ́dì gbígbóná, a wọkọ̀, a sì kọrin náà gba gbogbo kòtò ojú ọ̀nà títí a fi délé.