Ilẹ̀kùn Yàrá Wa Tó Fẹ́ Di Gìtá

Ọdún méjìlélógójì ni ọkọ mi fi kan ilẹ̀kùn. Bàbá Onílẹ̀kùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn tó mọ orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ò sì pọ̀ mọ́. Bí mo bá wà níwájú ẹ̀, "ẹ" ni mo ń bá a sọ, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Àmọ́ bí mo bá ń ròyìn ẹ̀ fún ẹlòmíì báyìí, "ó" ni mo máa ń sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ bínú.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé a máa jókòó jẹ́ẹ́, ká máa sinmi. Kò tíì tó oṣù kan tó dáwọ́ oúnjẹ dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní òun fẹ́ kan gìtá. Mo bi í bóyá ibà ló ń ṣe é.

Kì í ṣe ibà. Nígbà tó ń fẹ́ mi, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní gìtá, ọkọ mi sì máa ń yá a wá sábẹ́ fèrèsé ilé àwọn òbí mi. Kò mọ̀ ju orin mẹ́ta lọ, àmọ́ ó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, èmi náà ò sì béèrè ìkẹrin. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó lọ, ó sì gbé gìtá ẹ̀ dání. Ọmọ dé, iṣẹ́ ilẹ̀kùn dé, orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé sùn. Ní báyìí ìka ọwọ́ ẹ̀ ti ń le láràárọ̀, ó sì ní bí òun ò bá ṣe é lọ́dún yìí, ìka náà ò ní lè tẹ okùn gìtá mọ́. Mo ní ká ra ọ̀kan. Ó wò mí bí ẹni tó rí èérí. Ó ní gìtá tí òun bá máa fi kọrin fún mi, òun lòun máa kàn án.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án o. Ó gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Àkọ́bí wa obìnrin, tó ń ṣe tíṣà nílùú míì, ló bá wa wá àwòrán rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Bí gìtá ṣe tóbi gan-an ni wọ́n ṣe ya àwòrán náà, kéèyàn kàn gbé e lé pákó kó sì fi pẹ́ńsù tọ ìlà ẹ̀. Ọkọ mi gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní ìparí òpópónà, ọmọbìnrin ibẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ fún un sórí bébà ńlá kan. Ó délé, ó lé àwọn abọ́ mi kúrò lórí tábìlì, ó tẹ́ àwòrán ẹ̀ síbẹ̀.

Ó ti mú sísọ́ọ̀sì dání kó tó rí ìlà kékeré kan ní kọ̀rọ̀ bébà náà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lábẹ́ pé ìlà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ó na tépù ẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án ló rí. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ń wo tépù náà bíi pé tépù ló ń purọ́. Àṣé ẹ̀rọ ti fún àwòrán náà pọ̀ kó lè gbà sórí bébà. Mo tẹ̀ lé e padà lọ, torí mo mọ ẹnu ẹ̀. Kò bínú sí ọmọ náà. Ó kàn sọ fún un pé bí òun bá kan ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án fún ẹnu ọ̀nà mẹ́wàá, ewúrẹ́ á ti jókòó sí pálọ̀ kí onílé tó jí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún un tẹ̀ bó ṣe yẹ sórí bébà mẹ́fà, ọkọ mi sì fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ pákó ló wá kù. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn onípákó mẹ́rin. Ó ń gbóòórùn pákó, ó ń yẹ ìdí ẹ̀ wò, ó ń dá a padà. Igi tútù ni gbogbo ẹ̀, igi tútù sì máa ń lọ́ bó bá ń gbẹ. Ọdún mélòó kan ló máa gbà kó tó gbẹ dénú, ọdún yẹn ni ìka ẹ̀ ò sì ní. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá a níwájú ilẹ̀kùn yàrá wa, ó gbé ọwọ́ lé e láyà. Mo ti mọ ohun tó ń rò. Ilẹ̀kùn yẹn ni àkọ́kọ́ tó kàn nígbà tó di ọ̀gá ara ẹ̀. Ẹyọ pákó pupa fífẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀, kò ní kókó, ìlà inú ẹ̀ gún régé látòkè délẹ̀, ó sì ti ń gbẹ nínú ilé láti ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kọ́tìnnì náà máa ń bo ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi fà á. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí i tó ń fi omi gbígbóná na ìka ẹ̀ kó lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀, mo sì lọ wá kọ́tìnnì.

Ayùn ọwọ́ ló fi la pákó náà, torí ẹ̀rọ á jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi là á sí méjì lójú ẹ̀gbẹ́, ó wá ṣí i bí ìgbà téèyàn ṣí ìwé. Ìlà ọ̀tún ń wo ti òsì. Ó rẹwà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí mi nítorí ilẹ̀kùn mi. Ojú gìtá náà nìyẹn. Kò sí irú ẹ̀ míì nínú ilé, bó bá bà jẹ́, gìtá parí.

Fífá ló kù. Ọmọ wa ka ìlànà ẹ̀ fún wa lórí fóònù: kéèyàn máa fi ìfági fá pákó náà, kó máa gbé e létí, kó máa fi ìka kàn án, títí á fi dáhùn. Ẹ wá wo ìyà. Ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti kékeré gbà pé pákó tó bá fẹ́lẹ́ ti rí i fín. Ó fá a díẹ̀, ó kàn án, ó ní ó ti ń dún. Èmi tí mo gbé omi wá fún un gbọ́ ọ. Bí ẹni ń fi ìka kan tábìlì ló dún. Mo rọra sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀ pé pákó yẹn ò tíì dún. Ó ń gbálẹ̀ lọ.

Ó tó ọdún méjì tó ti ń kọ etí ikún sí mi báyẹn. Mo yí lọ síwájú ẹ̀, mo gba ìgbálẹ̀, mo bi í léèrè ohun tí mo ṣe tí ọ̀rọ̀ mi fi di afẹ́fẹ́ nínú ilé yìí. Ẹnu mi ló ń wò, kò wo ojú mi. Ó jókòó.

"Mi ò gbọ́ ẹ ni, ìyá wọn," ó ní. "Mi ò gbọ́ pákó náà. Mò ń kàn án, ọwọ́ mi ń mọ̀ ọ́n, àmọ́ etí mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀rọ ìlagi ló jẹ etí náà fún ọdún méjìlélógójì. Ó fi pa mọ́ fún mi torí ó mọ̀ pé mo máa bi í léèrè ohun tí adití fẹ́ fi gìtá ṣe. Òótọ́ ni, mi ò bá bi í. Mo sunkún, mo sì tún rẹ́rìn-ín, torí ìdajì ìjà tí mo ti ń bá a jà, èmi nìkan ni mo jà á. Ìgbà tí mo nu ojú tán, mo bi í bó ṣe máa gbọ́ gìtá náà bó bá kàn án tán.

"Àyà lèèyàn ń gbé gìtá lé," ó ní. "Àyà mi á gbọ́ tiẹ̀. Ìwọ ni mo ń kàn án fún."

Kò jẹ́ kí n sún mọ́ tábìlì iṣẹ́ ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé àpótí kan síbẹ̀ fún mi, ó nù ún. Ó ń fá pákó, ó ń gbé e létí, èmi ń kàn án. Mo mi orí pé ó kù. Ó tún fá a. Ohun tó ń bọ́ lára ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi téèyàn lè rí iná láti ẹ̀yìn ẹ̀, ohùn pákó náà sì ti ń gùn sí i. Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní bí pákó náà bá luhò, kò sí òmíì, ṣé ó dá mi lójú. Mo sọ òótọ́ fún un pé kò dá mi lójú, àmọ́ ohùn ẹ̀ ṣì ń yára kú. Ó fá a lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín, mo sì kàn án.

Ó dáhùn. Ó dún, ó sì dúró sínú afẹ́fẹ́ bí ìgbà téèyàn fi ṣíbí kan ìkòkò òfìfo. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Ó gbé ìfági sílẹ̀ láìbi mí ní ìdí, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tó ti fẹ́ mi. Ó bi mí bóyá ó dùn. Mo ní ó dùn. Ó ní kí n tún kàn án. Mo ní ṣebí kò gbọ́ ọ.

"Kàn án," ó ní. "Ojú ẹ ni mo fẹ́ máa wò."

Mo kàn án títí ìka fi ń ro mí.