Yàrá Tí A Kì Í Tì Kọjá Ọdún Kan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń sáré láìwọ bàtà láàárín Ìga Ọba àti ọjà Jáńkárà, yàrá mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, síbẹ̀ èmi àti màmá mi kò ní ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín tí ẹ bá ń bínú, kò lè tètè yé yín. Bàbá mi ti kú. Màmá mi, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú ní Jáńkárà, ta aṣọ ìkélé sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ẹ̀yìn aṣọ náà la sì ń sùn, òun àti àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀ á sọ pé "àgò o," á sì fi ẹsẹ̀ dá orí wa kọjá. Bí òjò bá ń fẹ́ wọlé, a ó ká ẹní wa, a ó dúró ti ògiri títí yóò fi dá.

Òfin kan wà nínú ilé náà tí mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ ẹbí tó bá rìnrìn àjò tó sì ti yàrá rẹ̀ pa, wọn yóò dúró dè é láti Iléyá kan sí èkejì. Tí Iléyá bá tún dé tí wọn kò rí i, olórí ẹbí á ránṣẹ́ sí i pé, "Ṣé ò ń bọ̀?" Tó bá ní òun ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgádágodo rẹ̀, ì báà tún lo ọdún mẹ́wàá lọ́nà. Tó bá sì ní kí wọ́n ṣí i, wọ́n á ṣí i, yàrá á di ti ẹni tí kò ní. Wọn kì í jà sí i, wọn kì í gba yàrá tipátipá. Ẹnu ẹni tó ni ín ni wọ́n ń gbọ́.

Àbúrò bàbá mi kan ló ni yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Iṣẹ́ rélùwéè gbé e lọ sí Òkè Ọya kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Bàbá Kánò là ń pè é. Ẹ wò ó, inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ààfáà kan ní ilé kéwú àdúgbò wa tí kò nà án rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe lọ báyìí, orúkọ ìlú onílùú ló kù tí à ń pè é. Èmi kò mọ orúkọ míràn fún un títí ó fi kú.

Iléyá dé, Bàbá Kánò kò wá. Olórí ẹbí ní kí wọ́n kọ̀wé sí i. Ayálégbé wa kan wà nísàlẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, òun ló máa ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ilé. Kìrìsìtẹ́nì ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àṣírí ilé wa tí kò mọ̀. Ó kọ lẹ́tà náà, a wá ń dúró. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sídìí ilẹ̀kùn Bàbá Kánò, mà á fi ojú kan sí ihò kọ́kọ́rọ́. Mi ò rí nǹkan kan, àmọ́ mo ti pín yàrá náà tán lọ́kàn mi, mo ti mọ ibi tí màmá mi máa tẹ́ ẹní sí, mo mọ ibi tí àpótí wa máa wà. Mò ń fi gbogbo ìrun bẹ Ọlọ́run kí ọkùnrin náà má ṣe wá mọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọmọdé burú.

Nígbà tí èsì dé, gbogbo wa rọ́ sí àgbàlá. Ọmọ Ìjẹ̀bú náà tú u, ó ń kà á sí wa létí díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ara òun le. Ó ní ọyẹ́ ń mú gan-an lọ́dọ̀ àwọn."

Olórí ẹbí ní, "Yàrá ńkọ́?"

"Bàbá, ó ní, 'Ẹ ṣí i.'"

"Kò sọ nǹkan míràn?"

"Rárá, sà. 'Ẹ ṣí i' ló kọ, ó wá buwọ́ lù ú."

Màmá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé. Èmi jó. Mo jó yí àgbàlá ká títí ẹnì kan fi gbá mi létí pé kí n jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an la kó wọlé. A kó ìwọ̀nba ẹrù Bàbá Kánò sínú àpótí pákó kan, a gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn, mo sì sùn nínú yàrá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Nígbà tí Iléyá tún yí po, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, mò ń so ìlẹ̀kẹ̀ fún màmá mi, ni ọkùnrin gíga kan bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó ń wo inú yàrá. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta lẹ ń wá?"

Màmá mi gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Ó sáré gun òkè, ó fi ọwọ́ gba ẹ̀yìn mi. "Bàbá ẹ nìyẹn! O ń bi í léèrè ẹni tó ń wá nínú ilé ẹ̀?"

Bàbá Kánò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kò mọ̀ ni."

Màmá mi ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ wọlé, ọkọ mi, ẹ wá jókòó," bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ní ibi tí òun wà ti tó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹ ẹran ọdún níbẹ̀, ó bá àwọn èèyàn ṣeré, kò sì fi ẹsẹ̀ kan yàrá náà títí tó fi padà. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bóyá yóò sunkún. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ohun tó yé mi nígbà náà ni pé ọkàn ọkùnrin náà le, ohun tí mo sì ń sọ kiri nìyẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Mà á ní, ẹ wo ẹni tó jókòó sí Kánò tó fi ọ̀rọ̀ bíńtín gbé ilé bàbá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo gbádùn yàrá rẹ̀, mo tún ń bú u.

Nígbà tí mo relé ọkọ, òpópónà mẹ́ta péré ni mo kọjá. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo padà sínú yàrá náà, màmá mi ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló sì kú sí. Títí di ìgbà yẹn, mi ò gbé ibòmíràn rí yàtọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Tí mo bá kọjá afárá lọ sí Èbúté Mẹ́ta, ara mi kì í lélẹ̀ àfi tí mo bá padà.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ìyá yín, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí ní Jọ́ọ̀sì, wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá mi. Òun nìkan ni mo bí, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò lè máa gun àtẹ̀gùn yìí mọ́. Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú ńkọ́? Ta ló máa gbé yín?"

"Èèyàn wà nílé."

"Àwọn wo? Ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ sí Ìkòròdú. Ṣọ́ọ̀bù àti sítọ̀ ló kù nísàlẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn yàrá tí ọmọ ti ń ké nígbà kan, àwọn aláṣọ ló háyà wọn, báálì aṣọ ló kún inú wọn dé òkè àjà. Mo wò ó, mo ní ó dáa, mà á bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Ìyá yín ti múra ìjà sílẹ̀, ẹnu yà á.

Ó ń di ẹrù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ti yọ eyín rí mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí èèyàn á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé tòun ni, kò sì ní mọ ọwọ́ náà lára. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Aránṣọ ará Èkìtì tó ń gba iṣẹ́ nísàlẹ̀ ilé wa dì mọ́ mi, ó ń sunkún, "Màámi, ta la ó máa bá rojọ́ báyìí?" Èmi ni mò ń pa á lẹ́kún. Mo ti ilẹ̀kùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tì dáadáa, bí ẹni tó ń lọ ra ata. Nígbà tí ọkọ̀ dé Apọ́ngbọ̀n tó ń gun afárá, ìyá yín ní, "Mọ́mì, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ wo Èkó." Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rí páànù, mo rí omi. Mo ní mo ti rí i. Ebi ló ń pa mí. Òkè Ọya tí Bàbá Kánò fi odindi ọjọ́ wọ rélùwéè dé, oorun kan ṣoṣo ni mo fi dé e.

Ẹ má rò pé mò ń ráhùn. Ẹ̀ ń tọ́jú mi. Ẹ ra súwẹ́tà fún mi, ẹ̀ ń se ọ̀dùnkún fún mi bí mo ṣe fẹ́ ẹ, aládùúgbò yín tó jẹ́ Haúsá ń kí mi ní "sannu" láràárọ̀, èmi náà ń dá a lóhùn. Mò ń jẹun, mò ń kírun, mò ń sùn. Kò kàn sí èyí tó ń ṣe mí nínú gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ ayọ̀, ì báà jẹ́ ìbànújẹ́. Lọ́jọ́ kan mo pe ilé, ọmọdé kan ló gbé fóònù, mo gbọ́ tó ń kígbe pé, "Màmá Jọ́ọ̀sì ló wà lórí fóònù o!" Mo bi í pé ta ló ń jẹ́ Màmá Jọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èmi ni.

Iléyá àkọ́kọ́, orúnkún kò jẹ́ kí n lọ. Iléyá tó kọjá yìí, olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ló pè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n.

"Ẹ kú ọdún o, Àǹtí wa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yàrá yẹn náà ni. Ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó, inú sítọ̀ ló ń sùn láàárín báálì. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ béèrè. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀?"

Ìyá yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀! Ẹ ṣáà fi dì í mú!" Òótọ́ tún ni. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó, yàrá á sì jẹ́ tèmi títí n ó fi kú. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo ro orúnkún mi, mo ro àtẹ̀gùn yẹn, mo ro ọmọkùnrin tó ń sùn láàárín báálì aṣọ. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ ṣí i."

Ó ní kọ́kọ́rọ́ ńkọ́. Mo ní kí wọ́n fọ́ àgádágodo.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí èèyàn bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni lẹ́tà yóò fi wà lọ́nà. Tó bá kábàámọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó lè lọ sí pósófíìsì fi wáyà ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, wáyà á sì ṣáájú lẹ́tà dé. Bóyá Bàbá Kánò rò ó bẹ́ẹ̀, tó ń ka ọjọ́, mi ò mọ̀, mi ò bi í rí. Tèmi kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò pa fóònù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tó ń pe ọmọ rẹ̀, mo gbọ́ òòlù lára àgádágodo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo jókòó sí Jọ́ọ̀sì níbí, tíì mi ń gbóná lọ́wọ́ mi.

Ọmọkùnrin náà gba fóònù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọ̀rọ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Tẹ́ ẹ bá wá sí Èkó, ẹ má lọ ibì kankan o. Ọ̀dọ̀ wa ni kẹ́ ẹ dé sí."

Mo ní mo gbọ́. Mo ṣàdúrà fún un, fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń wọ ilé yẹn, mi ò dé sí ibẹ̀ bí àlejò rí. Ó dùn mí.