Òrùlé Tí Kò Rú Èéfín

Èéfín ni mo máa ń kọ́kọ́ rí bí mo bá rántí màmá àgbà kan nígbà èwe mi, ọmọ ọmọ mi. Ọyẹ́ á ti mú débi pé ètè wa á là, àwa ọmọdé á káwọ́ gbera níwájú ààrò wọn, Màmá á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi abẹ̀bẹ̀ ògbólógbòó fẹ́ iná, fìì, fìì. Òórùn igi wọn ṣì wà nímú mi. Wọn kì í ṣe ẹbí wa o. Ilé tó kọjú sí tiwa lórí òkè ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan.

Bí iná bá ti ràn, Màmá á jáde síta, wọ́n á fọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n á máa wo òrùlé gbogbo àdúgbò. Ilé tí èéfín ò bá jáde lórí ẹ̀, wọ́n á fi àpáàdì kó ẹyín iná, wọ́n á tiro lọ síbẹ̀ fúnra wọn.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé òtútù ti sọ yín di òkúta ni? Ẹ gbaná."

Kí onílé tó dúpẹ́ tán, Màmá ti yí padà.

Lọ́dún kan, káńsù ní àwọn fẹ́ pín kúbùsù àti kẹ́rọ́sì fún àwọn aláìní nítorí ọyẹ́. Ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ni káńsù wà, orúnkún Màmá sì ti wú, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi bẹ akọ̀wé tó ń pín in pé kó fún àwọn ní ti Màmá. Akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé wọn ò lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, ọ̀gá."

"Ẹni tí òtútù ń mú á wá. Ẹni tí kò wá, ara ẹ̀ gbóná nìyẹn."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kò burú, bílẹ̀ bá mọ́ àwọn á bu nínú tiwa fún Màmá.

Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó jáde. Kúbùsù tuntun ti gbé gbogbo wa sùn. Nígbà tá a tún jí, sítóòfù ni kálukú tàn, kò sẹ́ni tó wá iná lọ sọ́dọ̀ Màmá. Oòrùn ti gòkè kí ìyá mi tó ní, "Mi ò mà tíì gbúròó Màmá."

A bá ààrò ní tútù. Igi ti tán, wọn ò lè lọ ṣẹ́gi. Màmá jókòó, wọ́n fi gèlè wé àyà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń gbọ̀n. Ìyá mi bú sẹ́kún.

"Ẹ ò ṣe pariwo pè wá, Màmá?"

Màmá ní, "Mo rò pé ẹ ó wo òrùlé mi ni."

Ikọ́ tí òtútù ọjọ́ náà kó bá wọn ò fi wọ́n sílẹ̀. Ọyẹ́ ò tíì lọ tán tá a fi sin wọ́n. Akọ̀wé káńsù wá síbi ìsìnkú, ó jẹun, ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Ní Houston níbí, nígbà tí omi di yìnyín nínú páìpù, ìyá rẹ lọ sọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bá aláìní san owó iná nígbà òtútù. Wọ́n ní èmi tí orúkọ mi wà lórí bíìlì iná ni kí n wá. Yìnyín ti bo títì freeway. Ìgbà tá a fi débẹ̀, wọ́n ní owó ti tán. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ojú akọ̀wé káńsù ọjọ́sí ni mo rí.

Láàárọ̀ òtútù, mo ṣì máa ń lọ sójú wíńdò wo òrùlé. Òrùlé ìlú yìí kì í rú èéfín. Ẹni tára ẹ̀ gbóná lábẹ́ ẹ̀ àti ẹni tí òtútù ń pa lọ, bákan náà ni wọ́n rí. Mo gbé ògì gbígbóná lọ kanlẹ̀kùn bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Mánéjà àpátímẹ́ǹtì ló fóònù pè, pé mo ń yọ òun lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń po ògì tèmi, mo máa ń ṣí wíńdò kíṣìnì díẹ̀, kí ooru ẹ̀ máa rú jáde. Ìyá rẹ á ní, "Màámi, hítà tá à ń sanwó ẹ̀ lẹ ń dà síta yẹn." Mo gbọ́. Mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò. Mo ṣì ń ṣí i.